Ogun Kejì ní Ìmẹ̀sí-Ilé

 

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, kíláàsì àwọn àgbà ọmọ ka ìtàn ogun Kírìjí. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, pé àwọn Ìbàdàn wà ní ọ̀hún ní Ìgbájọ, àti pé ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Bí a bá dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun ló ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ja ogun mìíràn ní ìlú kan náà, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn Kírìjí. Ìbọn kò dún níbẹ̀. Àwọn tó jà á ni àwọn ìyá ọlọ́mọ, àwọn nọ́ọ̀sì, àti dókítà kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀tá wọn ni àìsàn àti àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ, èyí tó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké. Ohun ìjà wọn ni òṣùwọ̀n kan àti páálí kan tí wọ́n fa ìlà méjì sí.

Ìbéèrè kan ló mú mi kọ ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rí àwòrán ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tí ikùn rẹ̀ wú, lára pátákó tí wọ́n fi ń tọrọ owó àánú. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ní iléèwé bi òun bóyá bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ ṣe rí ní ìlú àwọn òbí òun. Ó wá bi èmi náà pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn èèyàn wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ ni?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò yẹ ká fi ẹ̀rín tàbí ìbínú dá a lóhùn. Ìtàn ló yẹ ká fi dá a lóhùn.

Orúkọ tí àwọn ìyá sọ àìsàn náà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àkrà, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ní ọdún 1929, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams dé síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1893, Yunifásítì Oxford ló sì ti kàwé. Ní Àkrà, ó rí àwọn ọmọ kan, láti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn wú, tí irun orí wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí ìgbẹ́ gbuuru kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í ṣeré, oúnjẹ kì í wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú. Àwọn dókítà àgbà kan ní àìsàn tí àwọn ti mọ̀ látijọ́ ni, pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Williams kò gbà fún wọn.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú ohun tí wọ́n ń pe àìsàn náà. Wọ́n ní kwashiorkor ni. Ní èdè Ga, ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ni àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò lé e. Ẹ wo bí orúkọ náà ti jinlẹ̀ tó! Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò ní yàrá àyẹ̀wò kankan, síbẹ̀ wọ́n ti mọ ìgbà tí àìsàn náà ń dé àti ẹni tó ń mú. Bí àbúrò bá dé, ẹ̀gbọ́n á kúrò lẹ́nu ọmú. Ọmú yìí ló ń fún un ní purotéènì, èròjà tí ara fi ń kọ́ ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ àti awọ. Ohun tí wọ́n sì fi ń rọ́pò rẹ̀ ni ẹ̀kọ àgbàdo, tí purotéènì inú rẹ̀ kéré tí kò sì pé.

Ní ọdún 1933, Williams kọ̀wé nípa àìsàn náà, ó sọ pé ó jọ mọ́ oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fún ọmọ. Ní ọdún 1935, ó fi orúkọ Ga náà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet. Orúkọ tí àwọn ìyá Àkrà sọ ọ́ ni gbogbo dókítà ayé ń pè é títí di òní. Nígbà tó di ọdún 1952, àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àjọ oúnjẹ àgbáyé FAO gbé ìwé jáde tó fi hàn pé àìsàn náà wà káàkiri ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà.

Ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ̀, àti ibi tó kù sí

Ṣé Yorùbá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n mọ̀. Láyé àtijọ́, abiyamọ a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sùn pọ̀. Bí obìnrin bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìtìjú ni fún tọkọtaya. Àwọn kan lè rí i bí èèwọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ga yẹn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ: ẹ má jẹ́ kí àbúrò lé ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu oúnjẹ kó tó lágbára. Oúnjẹ tó dára sì wà nílẹ̀ wa. Ẹ̀wà wà, a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, àkàrà, èkuru àti gbẹ̀gìrì. Ìrù wà, ẹ̀gúsí wà, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi wà, ẹ̀pà wà.

Ṣùgbọ́n òpìtàn tó bá ń sọ ohun tó dùn mọ́ni nìkan kì í ṣe òpìtàn. Àwọn ibi kan wà tí nǹkan ti kù káàtó.

Èkíní ni ògì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ìyá yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tó bá kù lójú aṣọ ni èèrí. Inú èèrí yìí ni èépá àti ọ̀pọ̀ nínú ojú ọmọ àgbàdo máa ń wà, apá kan purotéènì náà a sì bá a lọ. Àwọn ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà á fún. Ògì tó kù á mọ́lẹ̀ dáadáa lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tún fi omi pò ó kó lè ṣeé mu fún ọmọ, ikùn kékeré náà á kún kí ara tó rí ohun tó ń wá.

Èkejì ni èèwọ̀ ẹyin àti ẹran. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran púpọ̀ á di olè. Èrò wọn ni pé bí adùn bá ti mọ́ ọmọ lẹ́nu, tí kò sì rí i mọ́, á lọ jí i. Ìwà rere ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ. Àmọ́ ọmọ tó ń dàgbà nílò àwọn nǹkan wọ̀nyí ju baba tó jókòó ti abọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé bí inú ọmọ bá ń ṣí, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ, kí wọ́n sì dín omi rẹ̀ kù, kí inú lè sinmi. A ó rí i níwájú pé ìdàkejì èyí ni ara ọmọ ń fẹ́.

Ìyípadà ayé náà tún dá sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Oǹdó àti Ìbàdàn. Owó kòkó kọ́lé alápáànù, ó rán ọmọ níléèwé, àwa kan nínú ìwé ìròyìn yìí sì ń jẹ nínú èrè rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí igi kòkó bá bò kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀wà, owó tó bá sì wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè tán kí ìgbà ọ̀wọ́n oúnjẹ tó dé. Bákan náà, bí àṣà àtijọ́ ṣe ń rọlẹ̀, ààyè tó wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí kúrú ní ọ̀pọ̀ ilé.

Òṣùwọ̀n kan, ìlà méjì

Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ilé ìwòsàn náà wà síbẹ̀ lónìí, ó ti di ara ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ohun tí Morley rí ni pé àwọn ọmọ ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́. Bí ó bá wo ọ̀kan sàn, mìíràn ti dé. Ó rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà títí, iṣẹ́ náà kò ní tán láé. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì wá jáde lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn, lóṣooṣù, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni wọ́n rí? Ní bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ń sanra bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmú ìyá rẹ̀ tó o. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni ìyàtọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmú nìkan kò tó ọmọ mọ́, ẹ̀kọ tí wọ́n fi kún un kò lágbára, àìsàn sì ń ya lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan: ibà, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi. Èéyi ìgbà náà le gan-an. Ẹnu ọmọ á bó, kò ní lè jẹun, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, ara rẹ̀ á fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ẹ̀yìn èéyi ni kwashiorkor wọlé sí wọn lára. Nítorí èyí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò ní Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 1960.

Ohun pàtàkì tí òṣùwọ̀n fi hàn ni pé kwashiorkor kì í dé lójijì. Ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú, ìwọ̀n rẹ̀ ti dúró sójú kan. Ojú lásán kò lè rí i, nítorí ìyá ń rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Káàdì tí Morley ṣe ni ọ̀nà láti wo igi náà láti òkèèrè. Ó fa ìlà méjì sórí páálí, ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Àárín wọn ni ọ̀nà tí ọmọ tó ń dàgbà dáadáa ń gbà. Nọ́ọ̀sì á fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, á sì so àwọn àmì náà pọ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́jú, ewu ń bọ̀. Bí ó bá ń wálẹ̀, ewu ti dé. Ìyá tí kò kàwé rí lè wo páálí náà kó mọ ohun tó ń sọ.

Ohun mìíràn tún wà tó ya àwọn dókítà ìgbà yẹn lẹ́nu. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kò sí ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n ti ń fún un ní àjẹsára, tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn, tí wọ́n sì ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ: fi ẹ̀wà lílọ̀ sínú ẹ̀kọ rẹ̀, fún un lẹ́yin, fi ẹ̀pà kún un. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni ètò náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè gbogbo, ó sì kọ ìwé rẹ̀ tó lókìkí jáde ní ọdún 1973. Ó kú ní ọdún 2009. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó fi kọ́ ayé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo inú ara wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Inú ìfun wa kò dán bí inú ọpọ́n. Ó dà bí kápẹ́ẹ̀tì tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Àwọn irun kéékèèké yìí ló ń fa oúnjẹ tó ti dà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í pẹ́ gbó, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ara ń fi tuntun rọ́pò èyí tó ti lò tán. Ohun tí ó sì fi ń kọ́ wọn ni purotéènì.

Bí purotéènì kò bá sí, ara kò rí ohun tó fi máa tún kápẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Irun rẹ̀ á kúrú, á tẹ́. Omi tí ara fi ń da oúnjẹ á dín kù. Ohun tí ọmọ bá wá jẹ kò ní dà, á kọjá lọ bí ìgbẹ́ gbuuru. Kòkòrò àrùn á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ojú ìfun tó ti tín-ín-rín. Ibà á mú un, oúnjẹ kò ní wù ú mọ́. Bí kò bá sì jẹun, ìfun á tún bàjẹ́ sí i. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń yí po ni? Ebi ń ba ìfun jẹ́, ìfun tó bàjẹ́ ń dá ebi sílẹ̀, bí oúnjẹ tilẹ̀ wà nínú abọ́.

Ikùn tó wú nínú àwòrán náà ń kọ́? Ikùn tó wú kì í ṣe ikùn tó yó. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú ìfun, iṣan ikùn sì ti dẹ̀, kò lè dì í mú mọ́. Ẹsẹ̀ wú ní tirẹ̀ nítorí pé omi ń jò láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran ara.

Ìdí nìyí tí a kì í fi oúnjẹ púpọ̀ gba ọmọ tí ebi ti pa dé ojú ikú. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni, wàrà tí wọ́n fara balẹ̀ pò, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, títí tí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí gbà á.

Ìwádìí kò tíì parí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tó máa wu àwa ọmọ ilẹ̀ ìbejì. Wọ́n tẹ̀lé ìbejì 317 ní orílẹ̀-èdè Màláwì fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ayé wọn. Nínú ilé kan náà, lẹ́nu oúnjẹ kan náà, kwashiorkor lè mú Táyé kó má mú Kẹ́hìndé. Wọ́n rí i pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun ọmọ méjèèjì, àwọn tó ń bá wa da oúnjẹ, yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àìsàn yìí ju ohun tó wà nínú abọ́ lọ. Omi mímu, ilé ìgbẹ́, aràn, èéyi, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé ìyá ọmọ ló jẹ̀bi.

Ibi tí àwòrán náà ti wá

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, ó parí ní oṣù Kínní ọdún 1970. Wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ilẹ̀ Bìáfúrà. Ẹran àti ẹja tó ń wọ ibẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́, ẹ̀gẹ́ ló kù lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀gẹ́ kò sì ní purotéènì kan tó tó nǹkan. Láàárín oṣù díẹ̀, kwashiorkor mú ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ. Ní ọdún 1968, àwòrán wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti káàkiri ayé. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ fi ọkọ̀ òfuurufú kó wàrà oníyẹ̀fun àti pánla ilẹ̀ Norway wọlé lóru, wọ́n ń balẹ̀ sí Uli nínú òkùnkùn.

Láti ìgbà náà ni ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú ti di àwòrán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ilẹ̀ tí àwòrán náà ti jáde kò ya aláìlóúnjẹ kí ogun tó dé. Ènìyàn ló dí ọ̀nà oúnjẹ. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tí ebi pa, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn tó dí ọ̀nà. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Iyọ̀, ṣúgà àti ẹ̀pà

Ìtàn yìí ní ibi tó dùn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ rí i pé bí ìfun tilẹ̀ ń ṣàìsàn, bí a bá fi ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀ mọ́ omi ní ìwọ̀n tó yẹ, ṣúgà á mú iyọ̀ wọlé, iyọ̀ á sì fa omi tẹ̀lé e. Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tó di Bangladesh, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà síni lára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n máa po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fún àwọn aláìsàn mu. Ikú tó ń mú bí 30 nínú 100 wálẹ̀ sí nǹkan bí 4.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, gbé ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí dé gbogbo ilé, pẹ̀lú àjẹsára àti fífún ọmọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí ló mu ún nígbà èwe. Lónìí, ẹ ra èyí tí wọ́n ti wọ̀n sínú àpò kékeré ní ilé ìtajà oògùn, nítorí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ.

Ẹ̀pà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, dókítà ará Faransé kan, André Briend, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ wàrà oníyẹ̀fun, òróró, ṣúgà àti fítámì, wọ́n dì í sínú ọ̀rá. Kò nílò omi, kò nílò iná, kì í tètè bàjẹ́. Òun ni wọ́n fi ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ là nílé ìyá wọn lónìí. Kí ó tó dé ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, FIIRO, ti ronú bákan náà: wọ́n fi ẹ̀wà sọ́yà sínú ògì, wọ́n pè é ní Soy-Ogi. Ògì tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ni wọ́n tún ṣe, wọn kò sọ ọ́ nù.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ wa

Ogun náà kò tíì parí. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ nítorí àìjẹun dáadáa. Ọ̀rọ̀ wa ni, bí a tilẹ̀ ń gbé níbí. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù wà nínú ogun náà. Ẹ béèrè pé kí ni àwọn ọmọ kéékèèké ilé yẹn ń jẹ lẹ́yìn ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin òbí tó bímọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ ìwé pupa tí wọ́n ń fún yín nígbà tí ẹ bá bímọ, èyí tí ẹ ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ẹ ṣí i wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi ìlà ìdàgbàsókè wọn hàn wọ́n. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé kí ìwé yẹn tó wà, àwọn ìyá ní ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń tọ́jú irú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ wọn.

Ṣé àwọn èèyàn wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ? Wọ́n mọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ohun tí wọn kò mọ̀, nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn wọn jókòó tì wọ́n tó sì bá wọn sọ ọ́, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi kọ́ ayé. Bí ẹgbẹ́ yín ní iléèwé bá tún béèrè, ìdáhùn yín nìyẹn.

Fún ìjíròrò nílé

1. Kí ni orúkọ kwashiorkor ń sọ fún wa nípa ohun tí àwọn ìyá Àkrà ti ṣàkíyèsí?
2. Kí ni èèrí? Bí ẹ bá fẹ́ kí ògì lágbára sí i fún ọmọ, kí ni ẹ máa fi kún un?
3. Kí ló dé tí ó fi dára kí káàdì ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?
4. Ẹ bi àgbà kan nínú ẹbí yín, lórí fóònù tàbí lójúkojú: oúnjẹ wo ni wọ́n ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú nígbà tiwọn, oúnjẹ wo sì ni wọ́n ń fi dù ú? Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá lédè Yorùbá, kí ẹ mú un wá ní Sátidé tó ń bọ̀.